Àwọn Méjìdínlógún Tó Kúrò Nínú Géèmù Ṣẹ́gilọlá

Ẹ̀yin tí òjò dá dúró lábẹ́ àtíbàbà mi lọ́sàn-án òní, ẹ gbé ìjókòó yín sún mọ́ mi. Kí ẹni tó fẹ́ wúkọ́ wú u tán báyìí. Èmi ni Ọdẹ́lékè ọmọ Fágbùyì, ará Òkè-Ayùn. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n méjì kí oòrùn tó kan àtàrí, tí mo tún délé bá oúnjẹ ọ̀sán lórí iná. Èmi ni mo bá iwin olórí mẹ́fà jìjàkadì títí tí òun fúnra rẹ̀ fi bẹ̀ mí pé ká jọ lọ mumi ná. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ rín in dáadáa, nítorí ẹ̀rín kò pọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, Akíngbadé lorúkọ rẹ̀. Ó kú, ó fi ìyàwó kan àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀. Mopélọlá ni ìyàwó, Ṣẹ́gilọlá ni ọmọ. Ọmọ yìí lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ gíga, nígbà tó sì padà dé, ó ní géèmù ni òun fẹ́ máa ṣe. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kò mọ géèmù, eré orí ẹ̀rọ ni. Àwòrán ènìyàn á máa rìn lójú kọ̀ǹpútà, ìwọ tí ò ń tẹ bọ́tìnnì ni wàá máa darí rẹ̀. Irú èyí tí Ṣẹ́gilọlá ń ṣe, géèmù ìrìn-àjò ni wọ́n ń pè é. Ìjà kò sí níbẹ̀. Arìnrìn-àjò kan á wọ abúlé tí odò rẹ̀ ti gbẹ, á máa bá àwọn ará abúlé pàdé lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí eléyìí bá sọ ni yóò fi mọ ohun tó yẹ kó bi tọ̀hún, títí tí yóò fi mọ ohun tó gbé omi lọ.

Ènìyàn méjìdínlógún ni Ṣẹ́gilọlá fi sínú abúlé náà, ohùn ará Òkè-Ayùn ló sì gbà sínú ẹ̀rọ fún gbogbo wọn. Amọ̀kòkò wà níbẹ̀, apẹja wà níbẹ̀. Obìnrin kan sì wà tó máa ń jókòó létí kànga, Ìyá Oníkànga là ń pè é. Ohùn Mopélọlá ni tirẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀ tí Mopélọlá fi kú.

Géèmù náà gbayì, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹnì kan péré ló ń tẹ bọ́tìnnì nínú ṣọ́ọ̀bù tí Ṣẹ́gilọlá ṣí fún un, ṣùgbọ́n ogún ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Bi ìyá yẹn bóyá ó rí ẹni tó kọjá!" "Rárá o, padà sọ́dọ̀ amọ̀kòkò, irọ́ ló pa fún ẹ!" Télọ̀ á fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ wá síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígbà náà, ní ìlú wa àti ní òkè òkun.

Lẹ́yìn náà ni géèmù ìbọn dé. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì títì, ó dojú kọ ti Ṣẹ́gilọlá gan-an. Ta ló mú un gbayì ní Òkè-Ayùn? Ẹ má wo ẹlòmíràn. Èmi ni. Àwọn ọkùnrin ló wá pè mí pé, "Bàbá Ọdẹ, ẹ wá kọ́ wa bí a ṣe ń fojú sun ìbọn." Mo lọ, mo jókòó, ó wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ yẹn, àárọ̀ ni mo ti ń wà níbẹ̀. Mo máa ń lu tábìlì, mo máa ń ké sí àwọn tó wà ní òdìkejì pé, "Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bi ìyá àgbà ní ìbéèrè, ẹ dìde, ẹ wá ṣe iṣẹ́ ọkùnrin!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń dìde lóòótọ́. Ṣẹ́gilọlá ń gbọ́ mi. Ogún ènìyàn di mẹ́fà, mẹ́fà di ẹyọ kan, ẹyọ kan náà kò wá mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó sọ fún mi pé bákan náà ló rí níbi gbogbo, pé àwọn tó ń ṣe irú géèmù náà lókè òkun ti ń túká, pé àwọn tó ń tà á ní kò sẹ́ni tó ní sùúrù ọ̀rọ̀ sísọ mọ́.

Ọdún mẹ́rin kọjá báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ṣẹ́gilọlá sáré wọ ilé mi láìwọ bàtà. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ, ẹ dákun, ẹ wá wo nǹkan."

Mo bá a lọ. Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀. Abúlé wà níbẹ̀, ìkòkò wà nílẹ̀, okùn kànga ṣì ń mì bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀. Ènìyàn kankan kò sí.

Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mo máa ń wọ ibẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn màámi. Màá bi í pé, 'Ìyá, omi wà?' á sì dá mi lóhùn. Lónìí, kò sẹ́ni tó dáhùn." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí kò jẹun, ìyàwó mi, Ìbídápọ̀, wò mí lójú, ó ní, "Ọdẹ́lékè, ṣé o rí ohun tí o ṣe?"

Mo rí i. Mo gbé ìbọn mi.

Mo mọ ibi tí màá gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí abúlé náà ṣófo ni mo ti rí ipasẹ̀ ènìyàn méjìdínlógún nínú ẹrẹ̀ létí igbó ẹ̀yìn ìlú wa tí à ń pè ní Igbó Ayípadà, mi ò kàn mọ ohun tí wọ́n jẹ́ ni. Ipasẹ̀ náà kò ní ọmọ ìka. Onígun mẹ́rin mẹ́rin ni, bí ẹni fi bíríkì kéékèèké tẹ ilẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Nínú igbó yẹn, àwọn igi máa ń kẹ̀yìn síni bí ènìyàn tó ń bínú, ẹyẹ kan sì wà tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹni sókè. Bí mo bá dúró, á ní, "Ó rẹ̀ ẹ́, àbí?" Mo sọ òkò sí i. Ó ní, "Òkò kan."

Ọjọ́ kẹta ni mo já sí ìlú kan tí odi rẹ̀ ń dán bí abọ́ tánganran. Kí n tó kágò, ọta ìbọn ti gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá. Ọkùnrin kan ló yìn ín. Kò bínú sí mi, kò mọ̀ mí rí, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín. Mo yin tèmi, ó ṣubú. Mi ò tíì ka ẹ̀ta tó fi dìde, tó gbọn eruku ara rẹ̀, tó tún gbé ìbọn. Bí gbogbo ìlú náà ṣe rí nìyẹn. Ìlú Ìkánjú ni mo sọ ọ́. Wọn kì í kí ara wọn níbẹ̀, ìbọn ni wọ́n fi ń pàdé. Akéde kan wà lórí odi tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa pariwo iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti pa. Kí oòrùn tó wọ̀, tèmi ló pọ̀ jù. Wọ́n gbé mi lé èjìká. Èmi Ọdẹ́lékè! Wọ́n ní irú mi kò wọ ìlú àwọn rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: mo gbádùn ibẹ̀. Ebi kò pa mí, oorun kò kùn mí, mi ò mọ iye ọjọ́ tí mo lò. Ṣẹ́gilọlá tó dùbúlẹ̀ nílé, n kò rántí rẹ̀ rárá.

Obìnrin gíga kan wà níbẹ̀ tí mo ti yìn níbọn ní ìgbà mọ́kànlá láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà kejìlá, ẹsẹ̀ mi ló ṣubú sí. Kó tó dìde, mo rí ojú rẹ̀. Ó ń wo sánmà, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi bi í pé, "Arábìnrin, kí lorúkọ yín?"

Ó jókòó. Ó ní, "Kí ni orúkọ?"

"Ohun tí wọ́n fi ń pè yín."

"Wọn kì í pè mí. Wọ́n máa ń yìn mí níbọn ni."

Gbogbo ohun tí mo ti gbàgbé rọ́ padà sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yí padà, mo gba ẹnu odi kejì lọ níbi tí ipasẹ̀ náà gbà. Wọ́n yin ìbọn tẹ̀ lé mi, ọta kan sì wọ èjìká òsì mi. Àwọn kì í ní ọgbẹ́, èmi ní. Ẹ̀jẹ̀ tú. Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n rọ̀gbà yí mi ká, wọ́n ń nawọ́ sí i, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló ń jáde lára ọkùnrin yìí. Ìyanu tó bá wọn ni mo fi rí ọ̀nà sá. Ìbọn mi bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, n kò padà mú un.

Mo fi ewé di èjìká, mo ń wọ́ lọ títí mo fi dé ọ̀gbun kan tí afárá ẹyọ kan wà lórí rẹ̀. Iwin kan jókòó sí àárín afárá náà. Kò lójú, kò nímú. Etí ló bo gbogbo ara rẹ̀, ńlá àti kékeré, bí ewé ṣe ń bo igi, ẹnu kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, dúró. Ìbéèrè ni mo ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọjá. Bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí rí, màá sún fún ọ. Bí o bá bi mí ní èyí tí wọ́n ti bi mí, màá gbé etí kan lé ọ lára."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé èyí náà ló le? Mo bi í pé ewé mélòó ló wà nínú Igbó Ayípadà. Ó ní wọ́n ti bi òun, etí kan hù sí mi lọ́rùn. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni òun máa kú. Ó ní ọba mẹ́ta ti bi òun, etí kan hù sí mi lẹ́yìn. Mo bi í pé níbo ni ìṣúra ilẹ̀ yẹn wà. Ó tiẹ̀ yán, kó tó gbé ẹ̀kẹta lé mi ní ìgbáròkó. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Etí wọ̀nyẹn ń gbọ́ ohun tí ti ènìyàn kì í gbọ́. Mo gbọ́ bí Ṣẹ́gilọlá ṣe ń mí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ lórí ẹní nílé, mo gbọ́ bí Ìbídápọ̀ ṣe ń fi ṣíbí ro ẹ̀kọ tí ọmọ náà kò ní mu. Mo fẹ́ sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ èémí iwin náà fúnra rẹ̀. Ó ń kérora, ó ń dúró, bí ti ẹni tí nǹkan ń dùn tí kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Mo ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé ara rẹ le?"

Gbogbo etí rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ẹ̀yìn ń dùn mí. Láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí ló ti ń dùn mí. Gbogbo wọn ló ń béèrè ọ̀nà, kò sẹ́ni tó bi mí ní èyí." Mo jókòó tì í, ó sọ bí ẹ̀yìn náà ṣe ń ṣe é, mo sì gbọ́ ọ. Nígbà tó tán, ó ṣí àwọn etí rẹ̀ kúrò lára mi, ó sì kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Àwọn tí ò ń wá ti wà lọ́hùn-ún. Bí o bá bi ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀rọ̀, gbọ́ ọ tán. Bí o bá já a lẹ́nu, ẹnu náà yóò dí, kò sì ní ṣí mọ́ láéláé." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, kò sí àwáwí fún mi.

Òdìkejì ọ̀gbun náà ni pápá kan tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ti ń gbé inú géèmù ìrìn-àjò nílé ayé, ibẹ̀ ni wọ́n kó ara wọn sí. Olórí ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ òyìnbó wà níbẹ̀, ó ń wo ibi tí òkun kò sí. Ọmọ ọba kan di ìwé mú tí kò rí ẹni fi hàn. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, olúkúlùkù dúró bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa dúró, ó ń retí ẹni tí yóò bi í léèrè. Awọ sì ń hù bo ẹnu wọn. Àwọn tó pẹ́ jù níbẹ̀, iwájú orí àti àgbọ̀n wọn ti di ọ̀kan, ó ń dán, kò sí ẹnu níbẹ̀ mọ́. Mo ti rí iwin, mo ti rí òkú tó ń rìn. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù lọ.

Aṣọ àdìrẹ ni mo fi dá tiwa mọ̀. Ìyá Oníkànga jókòó, ó di ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó mú okùn lọ́wọ́, kànga kò sì sí níwájú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ kú ìjókòó."

"Omi kò sí o, arìnrìn-àjò." Ohùn Mopélọlá ni! Ohùn tó fi máa ń bá mi ṣàwàdà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà láyé. Mo pariwo orúkọ rẹ̀.

Ó ní, "Èmi kọ́ nìyẹn. Ó yá mi ní ohùn rẹ̀ ni. Má fi orúkọ òkú pè mí, má sì jẹ́ kí ọmọ yẹn máa fi mí pe ìyá rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ fi ilé sílẹ̀?"

"Ilé wo? Ọdún mẹ́rin ni mo fi mú okùn dání tí mo ń wo ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ń wá. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí, á sì máa sunkún. Àwọn mẹ́tàdínlógún yòókù kò rí ẹni bi wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n ní kí a máa lọ, mo bá wọn lọ." Ó wò mí dáadáa. "Ṣé ìwọ kọ́ lò ń lu tábìlì ní òdìkejì títì? A máa ń gbọ́ ọ."

Mo ní, "Èmi ni. Ẹ foríjì mí."

"Ẹ̀bẹ̀ kọ́ la nílò. Bi wá léèrè ọ̀rọ̀. Ẹnu tí a bá gbọ́ tán ló lè padà sílé."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò. Ọ̀rọ̀ tó sọ kì í ṣe èyí tí Ṣẹ́gilọlá kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, ohun tí kò rí ẹni sọ fún láti ọjọ́ tó ti wà. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló parí, bó sì ṣe parí ni awọ náà bó kúrò ní ẹnu rẹ̀ bí èèpo alùbọ́sà. Mo bọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kejì, mo bọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀kẹta. Èmi tí n kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi tán, mo jókòó bí òkúta. Wọ́n ń pọ̀ sí i lẹ́yìn mi, wọ́n ń na ẹnu wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ ènìyàn mẹ́rìndínlógún tán nígbà tó kan apẹja.

Apẹja yìí ti di arúgbó lójijì níbẹ̀. Ihò ẹnu rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ohùn rẹ̀ sì ń ti inú rẹ̀ jáde bí omi tó ń kán. Ó ń tún ọ̀rọ̀ sọ. Ó ka orúkọ ẹja, ó tún un kà. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń tún àwọ̀n ṣe, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èjìká mi ti wú dé ọrùn, ìdin ti wà nínú ewé tí mo fi dì í, ibà ń mì mí. Mo ń rò ó pé bóyá Ṣẹ́gilọlá ti kú, pé níbi tí mo jókòó sí yìí, wọ́n lè ti máa gbẹ́lẹ̀ fún un. Etí mi ń gbọ́, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà. Ojú abẹ́rẹ́ náà ti dí. Apẹja fi ọwọ́ kan ibi tí ẹnu rẹ̀ wà, ó wá a títí. Lẹ́yìn náà ló wò mí. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, bó bá bínú ni, ìbá sàn fún mi. Ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí wa, ó sì ń fi ìka rẹ̀ tún àwọ̀n tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe.

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ké. Ìyá Oníkànga ló fà mí dìde. Kò bú mi. Ó ní, "Ó ku èmi. Jókòó, kí o sì gbọ́ mi tán." Mo gbọ́ ọ tán.

Àwa méjìdínlógún la gbéra lọ́jọ́ yẹn, èmi àti àwọn mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí a kọjá lórí afárá, wọ́n kí iwin elétí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bi í bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn ju inú Ìlú Ìkánjú lọ, èmi kò sì ní ìbọn. Mo dúró sẹ́nu odi, mo pariwo pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó kí wọn rí, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń fi fèsì. Lẹ́yìn náà ni ọta bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Èyí tó bá amọ̀kòkò gba ara rẹ̀ kọjá bí ẹni gba inú èéfín. Èmi nìkan ni ẹlẹ́ran ara tó wà níbẹ̀.

Obìnrin gíga ọjọ́sí jáde síwájú mi, ó gbé ẹnu ìbọn lé mi láyà. Ó ní, "Ìwọ lo bi mí ní nǹkan. Kí ni wọ́n ń fi orúkọ ṣe?"

Mo ní, "Òun la fi ń pe ẹni tí a kò fẹ́ kó lọ."

"Fún mi ní ọ̀kan."

Orúkọ tí à ń sọ ọmọ tó ń kú tó ń padà wá ló wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Málọmọ́."

Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá yí padà, ó kọjú ìbọn sí àwọn ará ìlú rẹ̀, ó sì ń fẹ̀yìn rìn pẹ̀lú wa títí a fi jáde kúrò nínú odi. Nígbà tí mo ní kó padà sílé, ó ní ìgbà wo ni òun ti ní ilé.

Ìyálẹ̀ta la wọ Òkè-Ayùn. Ṣẹ́gilọlá kò tíì kú. Ìbídápọ̀ ti ń tọ́ ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, egungun rẹ̀ ṣeé kà. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn gba ojú ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé bí ẹni tó tẹríba gba ẹnu ọ̀nà kékeré. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ó ní, "Ìyá, omi wà?"

"Omi ń bọ̀, ọmọ."

Mo jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi fún un, pé obìnrin yẹn kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ó nu ojú. Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá Ọdẹ. Ohùn náà tó mi."

Málọmọ́ náà wọlé tẹ̀ lé wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló rú Ṣẹ́gilọlá lójú: kí ni ẹni tó gbé ìbọn fẹ́ ṣe ní abúlé tí kò sí ìjà? Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ yá tán, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ṣí ọ̀nà tuntun sínú géèmù náà. Málọmọ́ ni arìnrìn-àjò báyìí. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè yìn ín nígbàkígbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yìn níbọn kò ní dá a lóhùn mọ́, Málọmọ́ fúnra rẹ̀ kò sì mọ orúkọ ohunkóhun láyé yìí àfi kó béèrè. Àwọn ọkùnrin òdìkejì títì wá wò ó nítorí ìbọn. Ọjọ́ kejì, wọ́n tún wá. Ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń kígbe pé, "Gbé e sílẹ̀! Bi í léèrè ná!"

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti fi irú géèmù yẹn ṣeré ní kékeré, tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n rò pé ó ti parí, gbọ́ nípa rẹ̀, àwọn náà sì ń ṣe tiwọn. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù láti ìlú dé ìlú. Ṣẹ́gilọlá tún ṣọ́ọ̀bù ṣí. Kò kún bí ti àtijọ́, n kò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ kì í tètè lọ.

Lọ́jọ́ tí a padà dé ni Ṣẹ́gilọlá ti ka àwọn ará abúlé rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ, apẹja dà?"

Mo ní, "Ó ní òun kò bọ̀." Irọ́ ni mo pa. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbé irọ́ náà káàkiri, kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi. Ìyá Oníkànga kò tú mi fó. Nígbà tí n kò lè gbé e mọ́, mo lọ bá Ṣẹ́gilọlá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Láti ọjọ́ yẹn títí òjò ọdún náà fi dá, kò kí mi, kò sì jẹ́ kíkí mi. Mo bá òkú inú igbó jà rí, ìyẹn kò le tó èyí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn. Ó jókòó. Ó ní, "Ẹ sọ ibi tí ẹ gbọ́ ọ dé. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

Mo sọ ọ́. Ohùn mi ló wà létí odò nínú géèmù náà báyìí, àwọ̀n kan wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jókòó tì í. Bí arìnrìn-àjò bá béèrè ẹni tó ni àwọ̀n, á gbọ́ orúkọ ẹja, á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tún àwọ̀n ṣe. Á wá gbọ́ èyí pé: "Ọjọ́ tí ọkọ̀ mi dojú dé, ọmọbìnrin mi wà nínú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi ń fà á, èmi náà ń fà á. Ó wá pè mí, ó ní, 'Bàbá mi—'" Ibẹ̀ ni mo ti já a lẹ́nu. Ohùn náà dúró síbẹ̀.

Inú máa ń bí àwọn tó ń ṣeré náà. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Ṣẹ́gilọlá láti ìlú tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, pé kí ni ọmọ náà sọ, pé kó parí ìtàn. Kò fèsì fún wọn, àdírẹ́sì ilé mi ló ń fún wọn. Ohun tí ojú mi rí ni mo rò fún yín yìí, n kò fi èyí tó dójú tì mí pamọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá, ó bá mi nínú àtíbàbà yìí, ó bi mí lójúkojú. Mo ní, "Ìyá, n kò mọ̀." Ó jókòó tì mí lórí àga yẹn, títí ọkọ̀ tó máa gbé e padà fi fọn fèrè.